Ẹ tọ ipasẹ̀ olórin: bí ẹ ṣe lè máa ṣàwárí orin ambient àti orin tó dà bí àlá

Orin kan wà tí kì í pariwo pe ni. Kò ní ègbè tí ènìyàn lè gbà mọ́ ọn lẹ́nu, ìlù lè má sí nínú rẹ̀ rárá, bí ohùn ènìyàn bá sì wà níbẹ̀, ohùn náà lè rì sínú gìtá débi pé a kò ní mọ ọ̀rọ̀ tó ń sọ. Àwọn kan ń pè é ní ambient, àwọn kan ń pè é ní drone. Èyí tó ní gìtá àti ohùn tó ń léfòó ni wọ́n ń pè ní dream pop tàbí shoegaze. Bí irú orin yìí bá ti wọ ènìyàn lára, ìṣòro tó kù ni bí a ó ṣe rí òmíràn. Rédíò gbogboogbò kì í sábà gbé e, àwọn tó ń ṣe é kì í sábà polówó ara wọn, áàpù orin sì ń gbé mẹ́wàá kan náà wá fún wa lójoojúmọ́.

Ìmọ̀ràn mi kò le: ẹ wá àwọn ènìyàn tó wà lẹ́yìn orin náà. Àwo orin kọ̀ọ̀kan ló ní ẹni tó kọ ọ́, ẹni tó gba ohùn sílẹ̀, ẹni tó parí iṣẹ́ lórí rẹ̀ àti ẹni tó gbé e jáde. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ti ṣiṣẹ́ níbòmíràn. Ẹni tó bá tọ ipasẹ̀ wọn bí ọdẹ ṣe ń tọ ipasẹ̀ ẹran, orin tuntun kò ní wọ́n ọn mọ́.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ kọ ohun tí etí yín ń fẹ́ sílẹ̀

Ẹ mú orin kan ṣoṣo tí ẹ fẹ́ràn. Ẹ má mú mẹ́wàá. Ẹ jẹ́ kó máa dún, ẹ mú bírò, kí ẹ sì dáhùn àwọn ìbéèrè yìí bó ṣe ń lọ. Ṣé ìlù wà nínú rẹ̀? Bó bá wà, ṣé ó le ni àbí ó kàn ń mí lábẹ́lẹ̀? Ṣé ohùn ènìyàn wà níbẹ̀, ṣé ẹ sì gbọ́ ohun tó ń sọ? Kí ló ń dún gan-an: dùùrù, gìtá, synthesizer (ẹ̀rọ oníná tó ń dá ìró orin), fèrè, òjò, ẹyẹ? Ṣé ohùn rẹ̀ mọ́ tónítóní ni, àbí ó ń ha bíi kásẹ́ẹ̀tì tó ti gbó? Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ló yí padà?

Ìbéèrè tó gbẹ̀yìn yẹn ni mo kà sí jù. Nínú The Disintegration Loops, tí William Basinski bẹ̀rẹ̀ sí gbé jáde ní 2002, téèpù kúkúrú kan ló ń yí lọ yí bọ̀. Téèpù náà ti darúgbó. Bó ṣe ń yí ni èròjà tó gba ohùn dúró lára rẹ̀ ń ṣí, tí ohùn inú rẹ̀ sì ń já dànù díẹ̀díẹ̀. Apá kìíní nìkan ju wákàtí kan lọ. Ẹni tó bá jókòó de ègbè yóò ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ẹni tó bá fetí sí ohun tó ń já yóò rí i pé ohun tí òun ń gbọ́ nígbà tó kù díẹ̀ kó parí kò jọ ti ìbẹ̀rẹ̀ mọ́ rárá.

Ìdí tí mo fi ní kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ ni pé orúkọ tí wọ́n ń pe àwọn orin wọ̀nyí ti fẹ̀ jù. Phaedra, tí ẹgbẹ́ Tangerine Dream ti Jámánì gbé jáde ní 1974, ní synthesizer tó ń lu kìkìkì lábẹ́ rẹ̀. Orin ẹgbẹ́ Stars of the Lid kò ní ìlù kankan ní tirẹ̀. Gìtá tí wọ́n fà gùn gbọọrọ ló kún inú rẹ̀. Abẹ́ orúkọ ambient ni ẹ ó ti bá méjèèjì. Ẹni tó ń fẹ́ èkejì, tó wá ń tẹ “ambient” nìkan sínú ẹ̀rọ, lè gbọ́ ogún orin kó má rí ẹyọ kan tó bá a lára mu. Àmọ́ ẹni tó ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé “kò ní ìlù, gìtá tó gùn, ohùn mímọ́” ti mọ ohun tó ń wá.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ dín ohùn kù

Ní 1975, jàǹbá dá Brian Eno, olórin ọmọ England, dùbúlẹ̀ sílé. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan wá kí i, ó sì mú àwo orin háàpù kan wá fún un. Eno fi àwo náà sórí ẹ̀rọ, ó padà lọ sùn, ìgbà yẹn ló tó ṣàkíyèsí pé ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ jù, àti pé ẹ̀gbẹ́ kan ẹ̀rọ náà kò dún. Kò ní agbára láti tún dìde. Òjò ń rọ̀ níta, orin háàpù náà sì dà pọ̀ mọ́ òjò. Ibẹ̀ ló ti rí i pé orin lè jẹ́ ara ohun tó yí ènìyàn ká, bí ìmọ́lẹ̀ inú yàrá. Lọ́dún yẹn kan náà ló gbé Discreet Music jáde; nígbà tó di 1978, ó gbé Ambient 1: Music for Airports jáde, orúkọ ambient sì wá di orúkọ irú orin náà títí dòní.

Nítorí náà, ẹ dín ohùn kù ju bí ẹ ṣe máa ń ṣe lọ, kí ẹ lè máa gbọ́ ohun tó ń lọ nínú yàrá mọ́ orin. Ẹ pa shuffle, ìyẹn èyí tó ń da ètò orin rú. Bí áàpù yín bá ní crossfade, ẹ pa òun náà, torí ó máa ń da ìparí orin kan pọ̀ mọ́ ìbẹ̀rẹ̀ èkejì, bẹ́ẹ̀ ìparí yẹn gan-an ló dùn jù nínú ọ̀pọ̀ orin wọ̀nyí. Ẹ gbọ́ odindi àwo láti orí dé ìdí. Ẹ má fi ẹnu fóònù lásán gbọ́ ọ, kì í gbé ìró ìsàlẹ̀ jáde. Bí ẹ bá fi gbọ́ Pop tí Wolfgang Voigt gbé jáde ní 2000 lábẹ́ orúkọ Gas, ìdajì ohun tó wà níbẹ̀ ni ẹ kò ní gbọ́. Íápíìsì lásán sàn jù ú lọ.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ ka orúkọ tó wà lẹ́yìn àwo

Ibí ni iṣẹ́ gan-an wà.

Ẹ lọ sí Discogs, níbi tí àwọn olólùfẹ́ orin ti ń kọ àlàyé nípa àwo orin sílẹ̀ láti 2000. Ẹ tẹ orúkọ àwo tí ẹ fẹ́ràn. Lábẹ́ àkọlé àwọn orin, ẹ ó rí Credits: ẹni tó lu dùùrù, ẹni tó gba ohùn sílẹ̀, ẹni tó darí iṣẹ́, ẹni tó ya àwòrán ara páálí rẹ̀. Gbogbo orúkọ yẹn ló ṣeé tẹ̀. Ẹ tẹ ọ̀kan, gbogbo àwo mìíràn tí ẹni náà ti fọwọ́ kàn yóò jáde síwájú yín, pẹ̀lú ọdún tí wọ́n jáde.

Ẹ jẹ́ ká jọ rìn ín wò. Ká ní Music for Airports ni ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ tẹ orúkọ Eno, ẹ ó rí i pé ní 1980, òun àti Harold Budd tó ń lu dùùrù jọ ṣe àwo kejì nínú ọ̀wọ́ Ambient tí Music for Airports bẹ̀rẹ̀, The Plateaux of Mirror. Ẹ tẹ Harold Budd. Ní 1986, òun àti àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Cocteau Twins láti Scotland jọ ṣe The Moon and the Melodies. Ẹ ti kúrò nínú ambient báyìí, ẹ ti wọ dream pop, kò sì sí áàpù tó júwe ọ̀nà fún yín. Elizabeth Fraser ló ń kọrin fún Cocteau Twins. Ohùn rẹ̀ ń fò sókè sódò bí ohun èlò orin, ọ̀pọ̀ ìgbà ni a kì í sì í mọ ọ̀rọ̀ tó ń pè. Robin Guthrie ló ń ta gìtá, ó sì máa ń fi gbohùngbohùn (echo) bò ó débi pé a kò ní gbọ́ ìka lórí okùn mọ́, àfi ìró tó ń tàn kálẹ̀. Ẹ tẹ orúkọ Guthrie. Òun àti Budd ṣì jọ ń ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà; àwo wọn Another Flower jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2020, ní ọjọ́ díẹ̀ kí Budd tó jáde láyé.

Ẹ padà sọ́dọ̀ Eno, kí ẹ gba ọ̀nà mìíràn. Àwo kẹta nínú ọ̀wọ́ Ambient, Day of Radiance ti 1980, Laraaji ló ni ín. Washington Square Park ní New York ni Eno ti bá a níbi tó ti ń ta zither oníná, ohun èlò olókùn pẹrẹsẹ kan, ó sì fi ìwé pélébé sílẹ̀ fún un pé kó wá kí wọ́n jọ ṣiṣẹ́. Ẹ tún padà, kí ẹ gba ọ̀nà kẹta: Eno wà nínú orin méjì lórí Souvlaki tí ẹgbẹ́ Slowdive gbé jáde ní 1993, shoegaze sì nìyẹn. Dùùrù, zither, gìtá tó rì sínú ìró, ẹnì kan ṣoṣo ló mú wa dé gbogbo ibẹ̀.

Orúkọ kan wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fò, ìyẹn ẹni tó ṣe mastering. Òun ló fọwọ́ kan ohùn kẹ́yìn kí àwo tó jáde, àwọn olórin tí etí wọn jọra sì sábà máa ń gbé iṣẹ́ lọ bá ẹnì kan náà. Taylor Deupree, tó dá ilé iṣẹ́ 12k sílẹ̀ ní 1997, ń ṣe iṣẹ́ yìí fún àwọn ẹlòmíràn. Rashad Becker ní Berlin náà ti ṣe é fún ogunlọ́gọ̀ olórin. Ẹ tẹ orúkọ wọn lórí Discogs, kí ẹ sì wo àwọn orúkọ tí ẹ kò mọ̀ rí tí yóò jáde. Èmi fẹ́ràn ọ̀nà yìí ju gbogbo èyí tó kù lọ.

Ibi tí wọ́n ti gba ohùn sílẹ̀ náà máa ń wà níbẹ̀. Ní 1988, Pauline Oliveros, Stuart Dempster àti Panaiotis sọ̀ kalẹ̀ sínú àgbá omi ńlá kan tó wà lábẹ́ ilẹ̀ ní Fort Worden, ní ìpínlẹ̀ Washington ní Amẹ́ríkà. Omi ti tán nínú rẹ̀, bí ènìyàn bá sì fọn fèrè níbẹ̀, ìró náà ń dún lọ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 45 kó tó kú. Deep Listening ni orúkọ àwo tí wọ́n mú jáde níbẹ̀. Ẹ wá àwọn mìíràn tí wọ́n ti gba ohùn sílẹ̀ nínú àgbá náà, ẹ ó bá àwo tí Dempster padà lọ ṣe níbẹ̀, tó jáde ní 1995.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ mọ ilé iṣẹ́ tó gbé e jáde

Ilé iṣẹ́ agbórinjáde kékeré sábà jẹ́ etí ẹnì kan tàbí ẹni méjì. Bí etí wọn bá bá tiyín mu lẹ́ẹ̀mejì, yóò tún bá a mu lẹ́ẹ̀kẹwàá. Kranky bẹ̀rẹ̀ ní Chicago ní 1993. Stars of the Lid, Grouper, Tim Hecker àti Loscil ti gba ọwọ́ wọn kọjá. 4AD bẹ̀rẹ̀ ní London ní 1980, àwọn ló gbé Cocteau Twins jáde. Warp bẹ̀rẹ̀ ní Sheffield ní 1989; ẹni tó bá fẹ́ orin ẹ̀rọ tó ní ìlù àmọ́ tó ṣì dà bí àlá, kó bá Aphex Twin àti Boards of Canada níbẹ̀.

Bí ẹ bá ti rí ilé iṣẹ́ kan tó wù yín, ẹ mú àwo mẹ́ta tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ àti mẹ́ta tó jáde kẹ́yìn. Ẹ ó mọ ibi tí wọ́n ti ń bọ̀ àti ibi tí wọ́n ń lọ. Bí wọ́n bá ní àkójọ tí wọ́n ń gbé jáde lọ́dọọdún, ẹ kọ́kọ́ lọ síbẹ̀. Kompakt ti Cologne ti ń gbé Pop Ambient jáde láti 2001, olórin púpọ̀ ló sì ń wà nínú ẹyọ kan. Nínú àwo bẹ́ẹ̀, ẹ kan sàmì sí orin méjì tó wọ̀ yín lára, kí ẹ mú orúkọ àwọn tó ṣe é padà sí ìgbésẹ̀ kẹta.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ yọjú wo àpò olùrà mìíràn lórí Bandcamp

Bandcamp ni ọjà tí ọ̀pọ̀ àwọn olórin yìí ń tà sí fúnra wọn. Ẹ ṣí ojú ewé àwo tí ẹ fẹ́ràn, kí ẹ wo àwọn àwòrán kéékèèké tó tò síbẹ̀. Àwọn ènìyàn tó ti ra àwo náà nìyẹn. Àwọn kan lára wọn kọ gbólóhùn kan tàbí méjì nípa ohun tí wọ́n gbọ́ nínú rẹ̀. Ẹ tẹ àwòrán ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá tiyín mu, gbogbo ohun tó ti fowó rẹ̀ rà yóò sì ṣí sílẹ̀.

Ẹ má tẹ̀ lé ẹni tó ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwo. Ẹni yẹn ń kó jọ ni. Ẹni tó ní ọgọ́rùn-ún sí ọgọ́rùn-ún mẹ́ta, tí ẹ sì rí mẹ́rin tàbí márùn-ún tí ẹ̀yin náà fẹ́ràn nínú rẹ̀, òun ni kí ẹ dì mú. Owó tó ti ara rẹ̀ jáde ló fi ra àwo wọ̀nyẹn, kò sẹ́ni tó sanwó fún un pé kó polówó wọn.

Ní ìsàlẹ̀ ojú ewé kan náà, ẹ ó rí àwọn táàgì tí olórin fúnra rẹ̀ lẹ̀ mọ́ iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ fojú fo “ambient”, ó kún jù. Èyí tó sọ ohun kan pàtó ni kí ẹ tẹ̀: field recordings (ìró tí wọ́n gbà sílẹ̀ níta), tape loops (téèpù tó ń yí lọ yí bọ̀), orúkọ ohun èlò kan, tàbí orúkọ ìlú tó ń gbé.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn yan orin fún yín

Ọ̀nà kan ò wọjà. Rédíò orí íntánẹ́ẹ̀tì ṣì wà tí ènìyàn ẹlẹ́ran ara ń yan orin fún. SomaFM ti San Francisco ti wà láti 2000, kì í gba ìpolówó, àwọn olùgbọ́ ló ń dáwó fún un. Drone Zone ni ìkànnì wọn fún orin tí ìlù rẹ̀ kò tó nǹkan, Groove Salad fún èyí tó ní ìlù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Stephen Hill bẹ̀rẹ̀ Hearts of Space lórí rédíò ní Berkeley ní 1973. NTS, tó bẹ̀rẹ̀ ní London ní 2011, ń tọ́jú àwọn ètò wọn pamọ́, orúkọ orin tí wọ́n lò sì wà lábẹ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn. Bí ẹ bá rí olùdarí ètò kan tí etí rẹ̀ dára, ẹ padà gbọ́ àwọn ètò rẹ̀ àtijọ́, kí ẹ máa kọ orúkọ sílẹ̀ bí ẹ ṣe ń gbọ́.

Ìgbésẹ̀ keje: ẹ kúrò ní England àti Amẹ́ríkà

Nínú Discogs, ibi ìwákiri tó jinlẹ̀ wà tí ẹ ti lè yan style (irú orin), orílẹ̀-èdè àti ọdún pọ̀. Ẹ yan Ambient, Japan, kí ẹ sì máa mú ọdún kọ̀ọ̀kan láti 1980 sí 1989. Ẹ ó bá Hiroshi Yoshimura, tó ṣe Music for Nine Post Cards ní 1982 àti Green ní 1986. Ẹ ó bá Midori Takada, tó gbé Through the Looking Glass jáde ní 1983. Bí ìyẹn bá wù yín, àkójọ Kankyō Ongaku tí Light in the Attic gbé jáde ní 2019 yóò fi ọ̀pọ̀ lára àwọn ẹgbẹ́ wọn hàn yín.

Lójú ewé àwo kọ̀ọ̀kan, Discogs ń kọ iye àwọn tó ní i àti iye àwọn tó ń wá a. Bí àwọn tó ń wá a bá ju àwọn tó ní i lọ fíìfíì, ẹ má fi irú àwo bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ láìgbọ́.

Ẹ ṣe bákan náà fún Áfíríkà. Ní Cairo ní 1944, Halim El-Dabh ti ń fi ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sórí wáyà gba ohùn ètùtù zaar sílẹ̀, tó sì ń yí ohùn náà padà di nǹkan mìíràn. Hailu Mergia ti Ethiopia fi àkọ́díọ̀nù, synthesizer àti ẹ̀rọ ìlù ṣe kásẹ́ẹ̀tì kan ní 1985; Awesome Tapes From Africa tún un gbé jáde ní 2013, ó sì dùn bí ẹni tó ń rántí ilé láti òkèèrè. Lónìí, KMRU láti Nairobi ń gba ìró ìlú àti igbó sílẹ̀, ó sì ń fà á gùn di orin tó jinlẹ̀ gan-an. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Peel, 2020.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: ẹ lo áàpù, àmọ́ ẹ máa ṣọ́ ọ

Áàpù wúlò. YouTube ló mú orin Yoshimura dé etí ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́yìn tó ti kú, torí ẹ̀rọ náà ń gbé e wá fún wọn ṣáá. Ẹ fi odindi àwo kan bẹ̀rẹ̀, kí ẹ jẹ́ kó máa yan òmíràn tẹ̀ lé e, kí ẹ sì gbé orúkọ tó bá wù yín lọ sórí Discogs kíákíá.

Ohun tí mo ń kìlọ̀ fún ni àwọn àkójọ “orin oorun” àti “orin ìfọkànbalẹ̀”. Spotify máa ń ka orin sí èyí tí wọ́n ti gbọ́ tó bá ti dún fún ìṣẹ́jú-àáyá 30, nítorí náà orin kúkúrú tó pọ̀ ń pa owó ju ẹyọ kan tó gùn lọ. Bí ẹ bá rí olórin tí orin rẹ̀ gbogbo kò ju ìṣẹ́jú kan àbọ̀ tàbí méjì lọ, tí kò ní àwo gidi, tí kò ní ojú ewé níbòmíràn, tí ẹ kò sì rí orúkọ ẹnikẹ́ni tó bá a ṣiṣẹ́, ẹ má bá a lọ. Kò sí ipasẹ̀ kankan níbẹ̀ tí ẹ lè tọ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: ìwé kan, àti owó díẹ̀

Ẹ ní ìwé kan fún iṣẹ́ yìí, tàbí ojú ewé kan nínú fóònù. Fún àwo kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ orúkọ rẹ̀, ọdún rẹ̀, ọ̀nà tí ẹ gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, àti gbólóhùn kan nípa ohun tó yí padà nínú rẹ̀. Ọ̀nà tí ẹ gbà débẹ̀ ni ẹ kò gbọ́dọ̀ gbàgbé láti kọ, torí lẹ́yìn oṣù díẹ̀ ẹ ó rí i pé ọ̀nà kan, bóyá ti mastering, bóyá ti olùrà kan lórí Bandcamp, ló ń mú èyí tó pọ̀ jù wá fún yín. Òun ni kí ẹ túbọ̀ máa gbà.

Ẹ ra àwo tí ẹ bá ti gbọ́ ju ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ. Láti 2020 ni Bandcamp ti ń ya àwọn ọjọ́ Ẹtì kan sọ́tọ̀ tí wọn kì í mú ìpín tiwọn nínú owó. Ẹ lè dúró de ọ̀kan nínú wọn. FLAC, irú fáìlì orin kan, ni kí ẹ gbà sílẹ̀ bí àyè bá wà nínú ẹ̀rọ yín, kí ohùn má baà dín kù, ẹ ó sì lè máa gbọ́ ọ níbi tí kò sí íntánẹ́ẹ̀tì.

Àwọn àwo tí kò wọ̀ yín létí, ẹ má pa wọ́n rẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ẹ kó wọn sí ìsàlẹ̀ ìwé náà, kí ẹ padà gbọ́ wọn lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ní àkókò mìíràn nínú ọjọ́. Èyí tí kò bá tún wọ̀ yín nígbà yẹn, ẹ fa igi lé e, kí ẹ bọ́ sí orúkọ tó tẹ̀ lé e.